Ìwé Ìwọ̀n

"Òkun o, bàbá," lọmọ Ayédọgbọ́n wí,
ó fa okùn ìwọ̀n yọ lápò.
Ẹ̀rín pa mí. Ogójì ọdún ni mo ti ń fi irú okùn yẹn
yí ìbàdí ará Ìsánlú ká;
ta ní í wọn télọ̀?

"Ínṣì mẹ́rìnlélógójì."
Ọdún tí mo gbéyàwó, ọgbọ̀n ni.
Látìgbà náà mo ń tú ojú rírán, mo ń fi aṣọ kún un,
mo ní ṣòkòtò ló ń súnkì.

Ó gún mi níka, ó fún mi lápá.
Ìfúnpá ga díẹ̀. Ṣúgà, díẹ̀.
Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, díẹ̀ náà ni.
"Ṣebí díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀?"

"Bàbá, bí ẹ bá ṣi ọrùn wọ̀n díẹ̀,
tẹ́ ẹ ṣi èjìká díẹ̀, tẹ́ ẹ ṣi apá díẹ̀,
ṣé ẹ̀wù náà á ṣeé wọ̀?"

Mo ronú kan ọkàn, mo ronú kan kíndìnrín,
àti ojú tí mo fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé. Ọ̀kadà pè mí, n ò dáhùn.
Mo ṣí ìwé ìwọ̀n, mo wá orúkọ ara mi,
mo kọ mẹ́rìnlélógójì síbẹ̀,
n ò yọ ínṣì kan.