Òṣómàáló

Bàbá bàbá mi ta aṣọ láwìn dé ilẹ̀ Ìgbómìnà.
Bí ọdún bá yí tí owó kò bọ̀,
á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní jókòó, kò ní gba omi,
kò ní bá ẹnikẹ́ni jà.
Ìtàn yẹn máa ń pa wá lẹ́rìn-ín ní kékeré
nílé wa ní Ìloro, n'Íléṣà.

N kò rẹ́rìn-ín mọ́.
Egbò kan ló lóṣòó sí mi láyà báyìí,
lápá òsì, níbi tí ọmú wà títí di oṣù Ẹrẹ̀nà.
Mo ní, mo ti san. Mo san odidi ọmú.
Mo san ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́lé sí.
Èló ló kù?

Aránṣọ ni mí. Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n ṣí bándéèjì,
mo ní kí nọ́ọ̀sì gbé dígí wá,
mo yẹ iṣẹ́ dókítà wò bí mo ti ń yẹ ti ọmọ iṣẹ́ wò:
ojú abẹ́rẹ́ mọ́kànlélógún, ọ̀kan ò ga ju ọ̀kan.
Mo yìn ín.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ojú rírán gbóná.
Lọ́jọ́ kọkànlá, ó já láàárín
bí ìdí ṣòkòtò ọkùnrin tó sanra,
ohun tó tú jáde dà bí ògì ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wò ó:
oyún, ọyún.
Àmì ìsàlẹ̀ kan ló yà wọ́n, kò ju orí píìnì lọ.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbé àkọ́kọ́, ọmú sì wú de ọmọ.
Èkejì yìí kò ní oṣù ìbímọ.

Òórùn ló ń ṣáájú mi wọlé.
Mo ki káńfọ̀ sábẹ́ bùbá, mo fín lọ́fíńdà lé e,
ó wá dà bí ẹni fi òdòdó bo òkú eku.
Ní ṣọ́ọ̀ṣì mo sún sẹ́yìn, mo sún sójú fèrèsé,
ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e n kò lọ.
Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan. Ó kàn ra fáànù,
ó kọjú rẹ̀ síta.
Títí dòní n kò tíì mọ̀
bóyá kí n dúpẹ́ ni, tàbí kí n sunkún.

Nọ́ọ̀sì Àrìnọlá máa ń kùn orin kó tó fa gáàsì.
Bí orin bá ti dákẹ́, mo ti mọ̀,
mo ti di irin bẹ́ẹ̀dì mú.
Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, kòkòrò náà fi mu ẹ̀kọ ni.
Èkejì, ẹyọ kan gba owó aṣọ mẹ́fà.

Ìyá kan ará Ìbòkun, tiwọn wà níkùn,
orí bẹ́ǹṣì kan náà la jọ ń jókòó.
Wọ́n ní, "Jẹjẹrẹ, wọ́n gé e, wọ́n gbé e lọ.
Èyí, èmi ni mò ń pọ̀n ọ́n kiri
bí ọmọ tó kọ̀ tí kò rìn."
Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, àyè wọn ṣófo.
N kò béèrè.

Dókítà ní omi oògùn jẹjẹrẹ kò lè wọ ara mi
àfi kí egbò jiná.
Ẹnì kan lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà;
ta ló mọ ohun tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé?

Mo ń fi tépù wọ̀n ọ́n, n kì í jẹ́ kó kàn án.
Íńṣì mẹ́rin. Mẹ́ta àbọ̀. Mẹ́rin padà. Méjì.
Ẹ̀yìn ìwé oníbàárà ni mò ń kọ ọ́ sí,
níbi tí gbèsè wà, lábẹ́ orúkọ ara mi.
Lánàá, ó ku íńṣì kan.

Bàbá bàbá mi, ẹ dá mi lóhùn:
bí onígbèsè bá san án tán,
ṣé ẹsẹ̀kẹsẹ̀ lẹ máa ń dìde,
àbí orúnkún yín á kọ́kọ́ takú?