Kóòkì Lójú Omi

Ọjọ́ kẹrin rèé tí Bàbá ti ń sùn ní Tartu,
nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí yìnyín.
Bí Dókítà Laanemäe bá ká ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè,
ẹyinjú méjèèjì a já wálẹ̀ fìrì,
àfi bí ẹni pé nǹkan kan fà wọ́n nísàlẹ̀.
Wọn a dúró díẹ̀,
wọn a wá rọra gòkè padà, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́,
sí ibi tí wọ́n ti kúrò.

Mo mọ ìrìn yìí.
Ọmọ ọdún méje ni mí
nígbà tí a jókòó lórí adágún Peipsi tó ti dì gbagidi,
garawa ni ìjókòó wa, ihò kan láàárín ẹsẹ̀ wa,
kóòkì pupa kan lójú omi.
Kóòkì á rì fìrì. Àyà mi á là.
Bàbá á di ọwọ́ mi mú: "Fevronia,
má fà á. Omi ló mí. Ẹja kọ́."

Dókítà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ ní ìdí ọpọlọ,
ibi tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ,
tí gbogbo okùn ara ń gbà kọjá.
Ó ní ojú náà kò lè yí sọ́tùn-ún mọ́, kò lè yí sósì.
Kò sọ pé kò sí ìrètí.
Ó kàn pa tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó fi í sápò.

Ustinja, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin,
tó gbé àlùbọ́sà wá láti abúlé
bí ẹni pé aláìsàn máa jẹun,
ó ní, "Ṣé ẹ ò rí i ni? Ó ń kí wa.
Ojú l'ọ̀rọ̀ wà."
Mi ò dá a lóhùn.
Ojú l'ọ̀rọ̀ wà lóòótọ́,
ṣùgbọ́n ojú tó ń rì tí kò wo ẹnikẹ́ni,
ta ló ń bá sọ̀rọ̀?

Lóru, mo fi ìka ká ìpéǹpéjú náà sókè fúnra mi.
Mo kà á: ẹ̀ẹ̀mẹjọ láàárín ìṣẹ́jú kan.
Ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án pẹ́ kó tó dé,
àṣé mo ti ń gbàdúrà kó rì.

Omi ló mí, Bàbá. Mo ti gbọ́.
Mi ò fà á.
Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nígbà yẹn náà,
bí ẹ ṣe ń sọ pé ẹja kọ́,
okùn ò kúrò lọ́wọ́ yín.