Àlàfo Kẹta

Ọjọ́rú ni, òjò Birmingham ń rọ̀ winniwinni,
nígbà tí ìyá arúgbó kan dé iwájú káńtà wa,
ó gbá agolo bisikíìtì mọ́yà bí ẹni gbé ìkókó.
Doreen Purslow lorúkọ rẹ̀, Aston ló ti wá.
Ó ní, "Ọkọ mi ló ṣe é. Ó kú lóṣù Èrèlé.
Ìgbà tí mò ń palẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ mọ́ ni mo rí i."

Ọlọ́pàá ṣí agolo. Ìbọn ni.
Kékeré, ó wúwo, ó dán bí ojú omi,
ẹsẹ̀ àga àtijọ́ ni bàbá náà gbẹ́ ṣe èèkù rẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ ọ́ sílẹ̀.
Àlàfo kìíní: ta ló mú un wá? Mo kọ ọ́.
Àlàfo kejì: irú ìbọn wo? Mo kọ ọ́.
Àlàfo kẹta: nọ́ńbà.
Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn,
mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i nímú.
Ara rẹ̀ ń dán bí ojú tí kò kọlà.

Mo ti rí èyí tí wọ́n fi fáìlì ha nọ́ńbà rẹ̀ dànù.
Ìyẹn kì í dá wa dúró.
Parveen á ta ásíìdì sí i lára díẹ̀díẹ̀,
nọ́ńbà á sì rọra yọjú padà,
bí ọmọ tó sá pamọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí ẹ̀rín ń pa.
Ẹni tó lu òǹtẹ̀ mọ́ irin, ó lù ú wọnú;
fáìlì kò dé ibi tí ìrora náà dé.
Ṣùgbọ́n èyí? Kò sẹ́ni tó lù ú rí.
A kì í wá ohun tí kò sọnù.

Ṣakabùlà bàbá mi ní Òkèhò náà kò ní nọ́ńbà.
Ṣùgbọ́n Ògúnṣínà a máa dá àpá mẹ́ta sídìí ohun tó bá rọ,
ọ̀kan á wọ́ díẹ̀, nítorí ìka rẹ̀ kan ti gé.
Bí ìbọn bá sì dún lóko lóru,
ìyá mi á sọ lórí ẹní pé,
"Ti bàbá yín nìyẹn. A máa wúkọ́ kó tó ké."
Ní ìlú kékeré, etí ni ìwé àkọsílẹ̀.
Níhìn-ín ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá, ìbọn kan dún ní Nechells,
ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfọṣọ.
A rí ọta. A rí òkú.
Kò sí ẹni tó mọ ikọ́ ìbọn náà.

Èmi náà ní nọ́ńbà:
lẹ́tà mẹ́ta, fígọ̀ mẹ́fà, ọdún mẹ́rin ni mo fi dúró dè é.
Kí wọ́n tó fún mi, mo wà, wọn ò rí mi.
Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n rí mi,
èmi ni mi ò wá dá ara mi lójú mọ́.

"Ṣé bí Wilf bá ti lu nọ́ńbà sí i ni, kò bá dára?"
Mo ní, "Rárá, mà. Ìwé àṣẹ ló ń ṣíwájú òòlù níhìn-ín."
Ó dákẹ́. Ó ní, "Wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún náà.
Ọwọ́ rẹ̀ kàn ń wá nǹkan ṣe ni."

Mo kọ "kò sí" sínú àlàfo kẹta.
Mo wá so páálí mọ́ ìbọn lọ́rùn, 0417,
nọ́ńbà tí yóò jẹ́ títí di Mọ́ńdè, tí wọn ó yọ́ ọ.

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà.
"Agolo mi ńkọ́?"
Kò sí àlàfo fún agolo lórí fọ́ọ̀mù.
Mo nù ún, mo fún un.
Òórùn epo ẹ̀rọ ṣì wà nínú rẹ̀.
Ó ṣí i, ó fi imú sí i, ó dé e padà kíákíá.