Àrokò Láti Etí Odò Yemọjí

Alẹ́ kẹta rèé tí a ti ba sétí odò.
Ẹ̀fọn ń fi ẹ̀jẹ̀ wa jẹ sàárà.
Ẹ̀tù ìbọn wà nínú ahá, a fi ewé bò ó kí ìrì má bà á jẹ́.
Balógun ti fi àrokò tirẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìmàgbọn:
ìyẹ́ àṣá kan, ọta kan, èédú díẹ̀.
Kò sẹ́ni tó ní ká túmọ̀ rẹ̀.

Èmi Odùbẹ̀lá, àgbẹ̀ ewùrà l'Ódògbolú,
èmi náà ní ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.
Mo tú òwú aláró tí Efúnyẹmí já lórí òfì rẹ̀
tó fi di ẹnu àpò mi lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀,
mo da owó ẹyọ sórí ewé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ẹ̀ta kọ́. Ẹ̀ta ní í ta ni nù.
Ẹ̀rin ì bá dára,
ṣùgbọ́n ta ní ń rín ẹ̀rín níbi a wà yìí?
Ẹ̀fà. Ẹ̀fà ni mo sín,
mo kọjú wọn síra, méjì, méjì, méjì,
kó lè mọ̀ pé ọkàn mi fà sọ́dọ̀ rẹ̀,
pé ẹsẹ̀ mi nìkan ló wà létí odò.

Nígbà tí mo ta kókó ìdí okùn tán,
ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu ju èyí tó wọnú okùn lọ.
Ẹyọ mélòó ló ń jẹ́
"Ṣónúgà jẹ mí ní ẹgbàájì, má jẹ̀ẹ́ kó sẹ́"?
Mélòó ló ń jẹ́
"Òrùlé ẹ̀yìnkùlé ń jò, má tẹ́ ọmọ síbẹ̀"?
Mo fi ìka ro owó títí.
Kò sí iye ẹyọ tó ń jẹ́ ẹ̀rù.
Bóyá àwọn àgbà mọ̀ ọ́n, tí wọn ò fi kọ́ wa.

Ọ̀nàdípẹ̀ jókòó tì mí,
ọmọ tó lọ bá àwọn onígbàgbọ́ gbé l'Ábẹ́òkúta,
tó sá wálé nígbà tó gbọ́ ogun.
Alaalẹ́ ló ń fi pẹ́ńsù họ ìwé pélébé kan.
Mo bi í: Ta ni wàá fi ránṣẹ́ sí?
Ó ní: Kò sẹ́nì kan. Ara mi ni.
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń kọ̀wé síra rẹ̀,
ta ni yóò dá a lóhùn?

Ó ní kí n sọ tèmi, òun yóò bá mi kọ ọ́.
Mo sọ gbèsè. Mo sọ òrùlé.
Mo sọ pé bí ọ̀pọ̀lọ́ bá dákẹ́ lóru,
inú mi a tutù bí ìkọ́kọrẹ́ àná.
Ó kọ ọ́, ó kà á fún mi.
Ọ̀rọ̀ mi ni lóòótọ́,
ṣùgbọ́n ó ń dún bí ẹni tí wọ́n wẹ̀, tí wọ́n wọ̀ láṣọ àlejò.
Ta ni yóò sì kà á fún Efúnyẹmí?
Lágboolé wa, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹnu bébà.
Ó pa á mọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Ṣówẹ̀mímọ́, tó yára jù nínú àwọn ọmọ tó ń pọnmi,
gba ẹ̀fà mi, ó há a mọ́ ìbàǹtẹ́, ó di igbó.

Kí àkùkọ tó kọ, ó ti dé, ẹrẹ̀ kún un dé orúnkún.
"Kò sọ nǹkan kan," ó ní. "Orí òfì ni mo bá a.
Ó wò ó, ó wò mí, ó wọlé, ó jáde."
Okùn kan náà ni. Ẹ̀fà mi kan náà,
èyí tí ẹnu rẹ̀ bù ṣì wà níwájú,
ṣùgbọ́n ó ti sín méjì mọ́ ọn, tirẹ̀,
ojú sójú.
Ẹ̀jọ.
A jọ ni í.

Ọ̀nàdípẹ̀ ní òun yóò kọ èyí náà.
Ó ní bí Òyìnbó ṣe ń kọ ẹ̀jọ rèé:
òbírí kékeré kan lórí òbírí kékeré kan,
bí ẹyọ méjì lórí okùn.
Mo ní kó tún un kọ, kí n wò ó dáadáa.
Pẹ́ńsù dúró lọ́wọ́ rẹ̀.
Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ òdìkejì ti dákẹ́.