Odó Tí Màmá Mi Gbé Wá

Màmá mi kò gbà pé oúnjẹ ni
ohunkóhun tí a kò bá gún.
Oǹdó ni wọ́n bí i, ní Òkè-Àgùnlá,
níbi tí ìró odó ti ń sọ fún ará ilé
pé ilẹ̀ ti ṣú.
Èmi, Àkúrẹ́ ni mo fi ṣe ilé, ní Ìjòkà:
yàrá méjì, ààrò kan,
odó kankan kò sí.

Ní Sátidé tó ní òun ń bọ̀
mo ti dé Ṣáṣà kí oòrùn tó mú.
Mo ra tẹ̀tẹ̀ ìdì mẹ́ta, mo ra gbúre, mo ra ikàn.
Wọ̀rọ̀wọ́ kò sí; ẹni tó ń tà á
ní àgbàrá ti wọ́ ebè òun lọ.
Ràmátù ṣí igbá rẹ̀:
wàrà jókòó sínú omi
bí ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ tí kò fẹ́ dìde.
"Ti àná kọ́," ó ní, "ti òwúrọ̀ yìí ni."
Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò,
ó ta ìka mi padà.

Sísè rẹ̀ kò le. Ẹni tó lè fọ abọ́ lè sè é.
Bọ ẹ̀fọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, kí o fún un.
Fún un bí ẹni tó jẹ ọ́ lówó.
Omi tó bá ṣẹ́kù sára ẹ̀fọ́
ni yóò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.
Din àlùbọ́sà pẹ̀lú rodo méjì,
kí o fi irú sí i,
irú díẹ̀,
kí aládùúgbò má baà wá kí ọ ní ìkíkúkìí.

Mo tẹ́ ewé gbòdògì sí ìdí páànù,
páànù tí ìyàwó mi fi ń ṣe kéèkì
kí àìsí iná tó sọ ófùn wa
di ibi tí a ń kó bàtà sí.
Ẹ̀fọ́ nísàlẹ̀. Wàrà pẹlẹbẹ lé e.
Ikàn tí a gé róbótó-róbótó.
Ẹ̀fọ́ tó kù. Wàrà tó kù,
àyàfi èyí tí Ọmọ́ṣaléwà ti jẹ
tó ní òun kò jẹ.
Mo lu ẹyin méjì mọ́ mílíìkì, mo dà á yí ká,
ó ń wá ihò wọlé
bí òjò lórí òrùlé wa.

Iyanrìn tí bíríkìlà gbàgbé sí ẹ̀yìnkùlé
ni mo dà sí ìkòkò ńlá.
Mo gbé páànù sínú rẹ̀, mo dé e,
mo kó èédú pípọ́n sórí ìdérí.
Iná lókè, iná nísàlẹ̀.
A jókòó tì í, a kò sọ̀rọ̀.
Nígbà tó yá ni òórùn rẹ̀ jáde.

Òórùn náà ni màmá mi bá pàdé lẹ́nu géètì.
Iṣu mẹ́ta ló gbé wá. Ó tún gbé odó wá.
Odó! Láti Oǹdó! Dírẹ́bà gba owó ẹrù lórí rẹ̀,
ọmọ odó ń bẹ ní abẹ́ apá rẹ̀ bí agboòrùn.
"Mo mọ̀ pé o kò ní," ó ní.
Ọmọ́ṣaléwà fẹ́ jókòó lé e,
ó jágbe mọ́ ọn: "A kì í jókòó lórí odó!"

Ṣùgbọ́n páànù ti jinná, ó gbóná janjan,
àkísà ti ń jó mi lọ́wọ́,
tábìlì wa sì ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ láti oṣù kẹta.
Màmá mi wò mí. Ó wo páànù.
Ó tẹ̀ ba,
ó dojú odó délẹ̀ fúnra rẹ̀.
"Gbé e síbí, kí o tó jó."

Ó jẹun láì wí nǹkan kan.
Ó fi ṣíbí ha ìdí páànù,
ibi tí wàrà ti gbẹ tó pupa bí èékánná aláró-làálì.
Ó bó ewé gbòdògì, ó lá a.
Ó ní ẹran náà rọ̀.
Mo ní kì í ṣe ẹran.
Ó ní òun kò bi mí.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń lọ, ó fi odó sílẹ̀,
ó ní kí ó máa ṣọ́ mi.
Ó ti wọ ọkọ̀ tán, ẹ́ńjìnnì ti ń dún,
ó yọ orí lójú fèrèsé:
"Ràmátù yẹn,
apá ibo ló ń jókòó sí ní Ṣáṣà?"