Ẹ̀jẹ̀ Ahun

Kí dókítà tó gbé àpótí oníyìnyín rẹ̀ dé,
a ti mọ̀ pé Hermelinda kì í mí hẹlẹhẹlẹ.
Èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù: ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń rí lójoojúmọ́
bí a bá ń da àwọn yáámà gun òkè Puno,
aṣọ pupa rẹ̀ tó ń kéré lọ, tó ń kéré lọ,
èmi nísàlẹ̀, ọwọ́ lórí orúnkún, bí ajá tí oòrùn pa.

Dókítà fa ẹ̀jẹ̀ ìyá wa, ó fa tirẹ̀, ó fa tèmi,
ó kọ orúkọ wa sára ìgò kéékèèké.
Ó ṣi tèmi kọ: Fortunato di Fortunata.
Oṣù mẹ́sàn-án. A wa ọ̀dùnkún, a tẹ́ ẹ sórí koríko,
òtútù òru gan án, a fi ẹsẹ̀ lásán tẹ omi inú rẹ̀ jáde.
Ìgbà náà ló padà wá, ó jókòó ti iná wa, ó ní:

“Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú ìwé gígùn tí ìyá yín jogún.
Ẹ̀jẹ̀ Hermelinda, ahun ni.
Bó bá ti gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀dọ̀fóró, á dì í mú gírígírí,
kì í fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀ fún iṣan.
Ara wá ní kò burú: bí ahun kan ò bá lawọ́,
ẹ jẹ́ ká bí ẹgbẹ̀rún ahun.”
Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi pọ́n bíi ti ìyá wa.
Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àna rẹ̀ ti ń pè é bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ẹyọ owó kan ni wọ́n jù sókè nínú rẹ̀ nígbà méjì:
ojú já fún un, ẹ̀yìn já fún mi.
Lókè níbí, tí afẹ́fẹ́ ti wọ́n bí owó oṣù,
ta ni kò ní fẹ́ jẹ́ ahun?

Wọ́n mú un lọ sáré ní Lima, létí òkun,
níbi tí ọ̀lẹ pàápàá ti ń rí afẹ́fẹ́ fi ṣòfò.
Ó ṣe ipò kọkànlá.
Níbi tí oúnjẹ bá ti pọ̀, ahun ò níyì.
Ọkùnrin oníbọ̀wọ́ kan wo èsì rẹ̀, ó lejú:
“Ẹ̀jẹ̀ rẹ ki jù. Kí lo gún sára?”
“Ìyá mi ni.”
Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó lórí àga onírin
kí ìwé dókítà tó dé.

Ó bọ́ bàtà tí wọ́n fún un, ó jù ú sí mi; kò gbà mí lẹ́sẹ̀.
Nípa òkun, ohun kan ló sọ:
pé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ tọ̀sán-tòru,
bí ìwọ, ó ní, bí ìwọ gẹ́lẹ́.

Nígbà tilẹ̀ mọ́, ó ti wà níwájú.
Ṣùgbọ́n ó dúró dè mí lórí òkúta,
ó mú ọ̀dùnkún gbígbẹ kan, ó dá a sí méjì,
ó sì fún mi ní èyí tó kéré.