Ẹgbàá Dín Kan

Ẹgbàá ni bàbá mi tò sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ,
ẹgbàá ọ̀rá dúdú, ọmọ kòkó kọ̀ọ̀kan nínú wọn,
lóko wa lẹ́yìn Oǹdó, lọ́nà Orè.
Ogójì lọ́nà àádọ́ta. Ó gún régé.
Ìgbín wá lóru, ó jẹ ẹyọ kan tán dé gbòǹgbò.

Ẹyọ kan péré!
"Fẹ́hìntọ́lá, tún un tò. Ìlà kan ò gbọdọ̀ ju ìlà kan lọ."
Fọ́ọ̀mù Kẹta ni mo wà nígbà náà,
mo ṣe bí òwúrọ̀ kan á tó o.

Mo tò ó ní mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀kan ṣẹ́kù.
Méje-méje, mẹ́rin.
Mọ́kànlá-mọ́kànlá, mẹ́jọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́
bí àlejò tí a kò dá oúnjẹ rẹ̀ mọ́ ti ilé.
Mẹ́tàdínlógójì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn mí jẹ:
ìlà mẹ́rìnléláàádọ́ta, gbogbo rẹ̀ dọ́gba,
mo ti ń pariwo pé ó ti tán
kí n tó rí ọ̀rá kan lọ́wọ́ ara mi.

Ní mẹ́tàlélógójì mo jáwọ́.
Èyí tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ tó sì lè pín in,
ẹnì kejì rẹ̀ kéré, a ti bi í léèrè, ó ti kọ̀.
"Bàbá, kò gbà kí a pín òun."
Ìyá mi rẹ́rìn-ín: "Akínnáwọ̀nú, gbìn ín ní ìlà kan ṣoṣo,
kó máa lọ títí, kó kan Àkúrẹ́."
Bàbá ní, "Ogún tí àwọn ọmọ ò ní lè jà lé lórí nìyẹn."

Àkúrẹ́ náà ni mo wà báyìí, nítòsí odò Àlà,
mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò.
Lálẹ́, tí iná bá lọ, mo máa ń pe orúkọ wọn:
ọ̀kàndínlógún, kò ṣeé pín.
Igba dín kan, kò ṣeé pín.
Ẹgbàá dín kan, mo mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi ti pọ́n nítorí rẹ̀.
Àṣé ohun tó dín náà ni orúkọ!
Mo rò pé mo ti mú ọ̀nà náà mú,
mo dé ọ̀kẹ́ kan dín kan,
méje yọ láti kọ̀rọ̀, ó là á mọ́ni lójú,
kò ṣẹ́ku ẹ̀rún.
Ojú tì mí, èmi nìkan nínú òkùnkùn.

Mo gbéra lọ bá ọ̀kẹ́ mẹ́wàá dín kan.
Oru mẹ́ta, pẹ́ńsù kan, àbẹ́là méjì.
Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni àwọn tí mo rán sí i,
irinwó lé mẹ́tàlélógójì ló kẹ́yìn wọn,
òun náà padà pẹ̀lú igba lé mẹ́fà lọ́wọ́.
Kò sẹ́ni tó ráyè wọlé.

Mẹ́tàdínlógójì ni Bàbá padà gbìn sí ìlà kọ̀ọ̀kan.
Èyí tó ṣẹ́kù, ó gbìn ín sétí odò, lóun nìkan.
Bàbá ti lọ. Igi náà ṣì ń so.
Mo já èso kan lórí rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá,
mo là á, mo lá omi dídùn ara rẹ̀.
N ò ka hóró inú rẹ̀.